Ìfarapa Ọpọlọ àti Ojúṣe Wa



Nínú Ìhìnrere tí Máàkù Mímọ́ kọ, ní orí kejì, a rí ìtàn arọ kan tí ọkùnrin mẹ́rin gbé tọ Olúwa wa lọ ní Kapánáúmù. Nígbà tí èrò dí ẹnu ọ̀nà, wọn kò padà sí ilé. Òrùlé ni wọ́n gùn, wọ́n dá a lu, wọ́n sì gba ibẹ̀ sọ ẹni wọn kalẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìgbàgbọ́ àwọn tí ó gbé e wá ni Olúwa wò kí Ó tó bá aláìsàn náà sọ̀rọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí a fi sí ọkàn bí a ti ń ronú lónìí lórí àìsàn kan tí ó wà láàárín wa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ bí wọn yóò ti pè é, èyíinì ni ìfarapa ọpọlọ.

Ẹlẹ́dàá fi ọpọlọ sí inú agbárí bí ẹni fi ohun iyebíye pamọ́ sí inú àpótí. Agbárí le, ṣùgbọ́n ọpọlọ rọ̀. Bí ènìyàn bá ṣubú láti orí alùpùpù, tàbí láti orí ọ̀pẹ, tàbí láti orí àkàbà níbi tí a gbé ń kọ́ ilé, orí rẹ̀ lè má fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè má jáde, síbẹ̀ kí ọpọlọ ti gbá mọ́ egungun nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sí abẹ́ egungun náà ní díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa tẹ ọpọlọ. Nítorí náà ni ẹlòmíràn ṣe ń dìde lẹ́yìn ìjàm̀bá, tí ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, tí ó bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ó di òru tí a kò lè jí i mọ́. Ìjàm̀bá nìkan kọ́ ni ó sì ń fà á. Àrùn rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bí, ibà líle tí ó wọ ọpọlọ ọmọdé, àrùn yírunyírun, àìrí èémí ọmọ tí ìrọbí ìyá rẹ̀ pẹ́ jù, àti ìlù tí a lu ènìyàn ní orí, gbogbo wọn ni ó lè ba ọpọlọ jẹ́.

Bí ẹni tí ó fi orí gbá nǹkan bá ń bì léraléra, bí orí fífọ́ rẹ̀ bá ń le sí i, bí ó bá ń tòògbé ní àkókò tí kò yẹ, bí gìrì bá mú un, bí dúdú ojú rẹ̀ kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, bí apá kan ara rẹ̀ bá kú, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. Kí a má ṣe rọ àgbo sí i ní ẹnu. Kí a má ṣe wọ́ ọ nílẹ̀, nítorí egungun ọrùn lè ti ṣẹ́. Kí ènìyàn púpọ̀ gbé e papọ̀, kí orí àti ọrùn rẹ̀ sì tọ́. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí irú pàjáwìrì bẹ́ẹ̀ bá dé bá. Ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn UCH, láti ọdún 1962 tí Dókítà Látúndé Odéku, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ni a ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n kí á yẹra fún ewu sàn ju kí á wá ìwòsàn lọ. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan lọ fi igbá dé orí kí wọn má bàa ra àṣíborí. Wọ́n rò pé ìjọba ni àwọn ń tàn jẹ; orí ara wọn ni wọ́n ń tàn jẹ.

Ẹ̀yin ará, ilé ìwòsàn kọ́ ni òpin ìrìnàjò náà. Ọgbẹ́ lè jinná, kí irun sì hù bò ó, síbẹ̀ kí ẹni náà má rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ lè di oníbìínú. Obìnrin tí ó mọ ọjà í tà lè má mọ ṣẹ́ńjì í kà mọ́. Ohun tí a sọ ní àárọ̀, ó ti gbàgbé rẹ̀ ní ọ̀sán. Nítorí pé ojú kò rí ọgbẹ́ náà, aládùúgbò a ní ọ̀lẹ ni, ẹbí a ní ayé ni ó ń ṣe é. Láti ibẹ̀ ni a ti ń mú ẹlòmíràn lọ sí ibi tí a gbé ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, tí a sì ń nà án kí ẹ̀mí àìmọ́ lè jáde. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àdúrà dára, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi pàṣán kún ọgbẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀, kò gbàdúrà, ó dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa kọ́ kí a tó gba Kómúníò àkọ́kọ́ sọ pé ohun mẹ́ta ni ó gbọdọ̀ pé kí ẹ̀ṣẹ̀ tó di ẹ̀ṣẹ̀ ikú: kí ohun náà burú gidigidi, kí ẹni náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, kí ó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ gbà láti ṣe é. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti farapa lè sọ̀rọ̀ burúkú láìní agbára láti dá ara rẹ̀ dúró. Kí a má ṣe yára dá a lẹ́bi. Àwòrán Ọlọ́run tí ó wà nínú rẹ̀ kò fọ́ pẹ̀lú agbárí. Ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó kò sì yọ ọjọ́ àìsàn sílẹ̀. Síbẹ̀, aya tí ọkọ rẹ̀ ń lù nítorí àìsàn yìí kò gbọdọ̀ dákẹ́. Kí ó wá ààbò fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó sì sọ fún oníṣègùn.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa Sákrámẹ́ntì. Ọ̀pọ̀ ṣì ń bẹ̀rù Òróró Mímọ́, wọ́n ní bí Fadá bá ti gbé e dé, ikú ti dé nìyẹn. Ní ọdún 1972, Pópù Póòlù Kẹfà tún ètò rẹ̀ ṣe, Ìjọ Mímọ́ sì fi yé wa pé ti àwọn aláìsàn ni, kì í ṣe ti àwọn tí ń kú lọ nìkan. Ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà pàápàá lè gbà á, bí ó bá jẹ́ ẹni tí ìbá bèèrè rẹ̀ nígbà tí iyè rẹ̀ pé. Ẹ tètè pè wá.

Kí ni kí á ṣe? Àkéte arọ náà ní igun mẹ́rin. Ẹbí di ọ̀kan mú, oníṣègùn di ọ̀kan, aládùúgbò di ọ̀kan, Ìjọ sì di ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní páríìṣì wa, ìyàwó tàbí ìyá kan ṣoṣo ni ó di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn alárùn ọpọlọ fi ń gbé ní abúlé àyíká pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó mọ̀ pé àárín ènìyàn ni ara ènìyàn ti ń yá. Àwọn oníṣẹ́ ìlera wà tí ń tún ẹsẹ̀ kọ́ ní ìrìn, tí wọ́n sì ń tún ahọ́n kọ́ ní ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, a kò gbọdọ̀ dá a dúró ní àbọ̀. Òfin tí a fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ sí èèwọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá wà ní ilé rẹ̀, kí ó má fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí ó sọ fún katikísì, kí a lè máa gbé Kómúníò Mímọ́ lọ fún un. Kí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Fínsẹ́ntì Mímọ́ àti ti Léjíọ̀ Màríà má ṣe bẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì yára padà. Kí ẹnì kan jókòó tì í fún wákàtí méjì, kí ìyàwó rẹ̀ lè lọ sí ọjà, tàbí kí ó sùn.

Kí Màríà Wúńdíá bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo àwọn aláìsàn wa, kí Ọlọ́run sì fún apá àwọn tí ń gbé wọn ní okun. Àmín.

Èmi ni Fadá yín nínú Krístì.