Bí Ẹni Tó Gbé Ìbọn Bá Ní Òun Ti Túúbá

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ń gba túúbá àwọn ẹrú Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun:

Àwa tí a ń gbé etí omi Ìlàjẹ, láti Ìgbókòdá dé Ayétòrò, kì í ṣe àlejò sí ìlérí àwọn tó gbé ìbọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Yar'Adua kéde ìdáríjì fún àwọn ajàjàgbara Niger Delta, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó wà nínú rẹ̀ nítorí epo rọ̀bì ẹkùn tiwa yìí. 60 ọjọ́ ni wọ́n fún wọn láti kó ohun ìjà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ MEND kéde ní oṣù kẹwàá pé àwọn dáwọ́ ìjà dúró. Kí oṣù kìíní 2010 tó parí, wọ́n ní ó ti tán. Niger Delta Avengers ṣe irú ìlérí kan náà ní 2016, wọ́n sì yí ohùn padà ní oṣù kọkànlá 2017. Ta ni yóò wá bá ẹni tó ń fura wí?

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fojú fo ìtàn Usamah ọmọ Zaid. Ó pa ọkùnrin kan lójú ogun lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti ké kálímà, ó ní ìbẹ̀rù ohun ìjà ló mú un ké e. Ànábì bi í bóyá ó la ọkàn rẹ̀ wò. Àwa náà kò lè la ọkàn ẹnikẹ́ni wò. Nínú súúrà Anfal, Ọlọ́hun pàṣẹ pé bí ọ̀tá bá tẹ̀ sí àlàáfíà, kí Ànábì náà tẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e: bí wọ́n bá gbèrò ẹ̀tàn, Ọlọ́hun tó o. Ìfura wà nínú àṣẹ náà fúnra rẹ̀. Gbígba àlàáfíà ni a pa láṣẹ. A kò pa á láṣẹ pé kí a gba gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́.

Lójú tiwa, irọ́ nìkan kọ́ ló bí ìfura yìí. Ìjọba àti àwọn tó gbé ìbọn ló jọ ṣe ìdáríjì 2009. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni orúkọ wọn wọ ìwé, 65,000 náírà sì ni owó oṣooṣù wọn. Apẹja tí wọ́n gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ lójú omi ńkọ́? Opó ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni túúbá, bí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bá wà nínú rẹ̀, kò pé àfi kí a dá ẹ̀tọ́ náà padà tàbí kí olóhun yọ̀ǹda rẹ̀. Súúrà Maidah ṣíjú àánú wo ọlọ́ṣà tó túúbá kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun ni ìyẹn gbé kúrò lọ́rùn rẹ̀. Dúkìá àti ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ṣì wà níbẹ̀. Ìjọba lè pa ẹjọ́ tì. Kò lè bá opó dárí jì.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá wọ mọ́ṣáláṣí wa, kí a dáhùn sálámà rẹ̀, kí a fún un láyè nínú sàfù, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ajínigbé lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Kí àwọn àgbà sì mú un lọ bá ẹni tó gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ó bá ní kí a fi àpò owó ọkọ̀ àwọn ọmọ òrukàn sí ìkáwọ́ òun lọ́la, a ó ní kí ó ṣe sùúrù ná.