Obìnrin Bá Wọn Jagun: Kí Ni Ó Bá Wọn Pín?

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ lórí bí ilẹ̀ Àlgéríà ṣe gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Mo sọ̀rọ̀ títí mo fi dé orí àwọn obìnrin tó jagun náà. Ibẹ̀ ni arákùnrin kan ti dìde, ó ní: “Bàbá, túláàsì ló mú wọn jáde. Ogun sì ti parí. Ṣé kò yẹ kí kálukú padà sí àyè rẹ̀ ni?” Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn nígbà tí mo délé. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Àwọn àgbà wa lè rántí Àlgéríà nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí Faransé dán wò ní aṣálẹ̀ rẹ̀ ní 1960, èyí tó mú kí ìjọba Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní 1961. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ti pẹ́. Oṣù kẹfà 1830 ni ọmọ ogun Faransé gúnlẹ̀ sí Sidi Ferruch, lẹ́bàá Algiers. Ọdún 132 ni wọ́n lò níbẹ̀. Ilẹ̀ tó lọ́ràá bọ́ sọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó. Àwọn mùsùlùmí tó ni ilẹ̀ di ẹni abẹ́, òfin tí wọ́n fi ń dá wọn lẹ́jọ́ sì yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Ní oṣù karùn-ún 1945, nígbà tí ayé ń yọ̀ pé ogun Hitler parí, àwọn ará Sétif gbé àsíá tiwọn jáde. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, òyìnbó bí ọgọ́rùn-ún kú, Faransé sì gbẹ̀san lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1954 ni ẹgbẹ́ FLN dá ogun sílẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù keje 1962 ni òmìnira dé. Ìjọba Àlgéríà ka òkú ogun náà sí mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Àwọn òpìtàn mìíràn ka iye tó kéré sí i. Èyí ó wù kó jẹ́, agboolé tí kò ṣọ̀fọ̀ kò pọ̀.

Bí Faransé ti tẹ ọkùnrin ibẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tún wà lábẹ́ ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Ilé ìwé kò kàn án, ìdìbò kò kàn án. Òun gan-an ni ogun wá ké sí, ìdí rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀. Ní Casbah, àdúgbò àwọn mùsùlùmí ní Algiers, àwọn ṣọ́jà a máa tú ara ọkùnrin wò ní ẹnu ọ̀nà gbogbo, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kan obìnrin tó wà nínú aṣọ ìbora funfun rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin kò lè gbé kọjá, obìnrin ń gbé e kọjá: lẹ́tà, oògùn, owó, ìbọn. Nígbà tí ṣọ́jà fura sí aṣọ ìbora, àwọn ọmọbìnrin tó kàwé bọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n wọ síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n kun ètè, wọ́n sì ń bá ṣọ́jà rẹ́rìn-ín kọjá.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1956, àwọn òyìnbó kan gbé bọ́ǹbù sí òpópó Thèbes nínú Casbah, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ọmọbìnrin mẹ́ta gbé bọ́ǹbù wọ ìgboro òyìnbó: Zohra Drif sí Milk Bar, Samia Lakhdari sí Cafétéria, Djamila Bouhired sí ọ́fíìsì Air France. Ti Bouhired kò bú. Méjì tó kù bú, àwọn tó wá jẹ áísìkiriìmù pẹ̀lú ọmọ wọn ló sì fara gbá a. Èmi kò lè fi èyí ṣe ohun ìyìn. Mo kọ ọ́ nítorí pé ó wà nínú ohun tí à ń wí: iṣẹ́ tó burú jù, tí ẹ̀rí-ọkàn yóò máa rù kiri títí ọjọ́ ikú, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi mú obìnrin dọ́gba pẹ̀lú ọkùnrin. Wọ́n mú Bouhired ní oṣù kẹrin 1957, wọ́n dá a lóró, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ariwo ayé ni kò jẹ́ kí wọ́n pa á. Hassiba Ben Bouali kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ṣọ́jà fi àdó olóró wó ilé lé òun àti Ali la Pointe lórí ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn.

Bí mo ti dárúkọ àwọn wọ̀nyí lọ́jọ́ náà, Alhaja kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá béèrè pé: “Àwọn tó ń dáná fún wọn ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ tiwọn.” Òótọ́ ni, n kò dárúkọ wọn. Djamila Amrane, tí òun náà jà, tó sì di òpìtàn lẹ́yìn ogun, yẹ ìwé orúkọ àwọn ajagun tó wà lọ́wọ́ ìjọba wò, ó bá obìnrin 10,949 nínú rẹ̀. Wọn kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ará oko ni púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ wọn sì ni oúnjẹ, ibùsùn, aṣọ fífọ̀, ìṣọ́nà. Àwọn tí kò sí nínú ìwé pọ̀: ẹni tí kò mọ̀wé, ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù, ẹni tó rò pé kí ló wà nínú àwo oúnjẹ tí wọn yóò torí rẹ̀ kọ orúkọ òun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nítorí àwo oúnjẹ yẹn ni ṣọ́jà fi ń jó abúlé. Ará oko tí Faransé kó kúrò nílé lọ sínú àgọ́ lé ní mílíọ̀nù méjì. Nínú àgọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará mi, ta ni ń wá omi? Ta ni ń wá igi ìdáná?

Faransé náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ṣe kókó. Ní oṣù karùn-ún 1958, wọ́n kó àwọn obìnrin mùsùlùmí jáde sí gbàgede ní Algiers, níbi tí wọ́n ti bọ́ aṣọ ìbora wọn lójú gbogbo ènìyàn, kí ayé lè sọ pé Faransé ló ń tú obìnrin sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún wọn ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ní 1959 wọ́n ṣe òfin ìgbéyàwó tuntun, wọ́n sì fi obìnrin mùsùlùmí kan, Nafissa Sid Cara, sínú ìjọba ní Paris. Ní àkókò yìí kan náà, ṣọ́jà wọn ń fi iná mànàmáná dá ọmọbìnrin lóró nínú àhámọ́. Ọ̀ràn Djamila Boupacha, tí wọ́n mú ní 1960, tí agbẹjọ́rò rẹ̀ Gisèle Halimi sì gbé síta, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Faransé gan-an mọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tá ni ẹ̀tọ́ obìnrin gbà wọlé, ó sì bá àbàwọ́n wọlé. Àwọn ọmọbìnrin kan tó ti ṣí ojú sílẹ̀ tún padà da aṣọ bo orí kí Faransé má baà rí wọn yọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti la ẹnu pé kí á wo ọ̀rọ̀ obìnrin, wọn á ní ohùn Faransé ló fi ń sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ìpalára tí ogun náà ṣe fún obìnrin, èyí ni mo rò pé ó pẹ́ jù lára.

Kí ogun tó parí ni ilẹ̀kùn ti ń tì. Láti bí 1957 ni àwọn ọ̀gá ogun ti ń kó àwọn ọmọbìnrin kúrò nínú igbó lọ sí Tunisia. Nínú ilé aṣòfin àkọ́kọ́ ní 1962, obìnrin 10 ló wà láàárín aṣòfin bí igba. Ní 1964, ó ku méjì. Ìyà tí wọ́n jẹ nínú àhámọ́ pàápàá di ohun ìtìjú. Louisette Ighilahriz, tí wọ́n mú ní 1957, kò sọ ohun tí ṣọ́jà Faransé ṣe sí i síta nínú ìwé ìròyìn títí di ọdún 2000, ìfipábánilòpọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó jìyà àhámọ́ ń ròyìn rẹ̀ níbi ayẹyẹ. Obìnrin ń gbé tirẹ̀ mì bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òfin ẹbí dé. Ní 1981, nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, àwọn obìnrin tú síta ní Algiers, àwọn ajagun àtijọ́ wà nínú wọn, ìjọba sì fà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà 1984 wọ́n padà mú un wá, ó sì di òfin. Ó ní ìyàwó gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Obìnrin tó ti gbé ìbọn rí kò lè so yìgì láìsí alámòójútó tí yóò fi í fọ́kọ. Bí ọkọ bá kọ̀ ọ́, ọkọ ló sábà máa ń ni ilé, ìyá àti àwọn ọmọ a sì di ará ìta. Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: sáríà ni wọ́n tẹ̀ lé. Èmi náà ń kírun, n kò ní kí ẹnikẹ́ni pa sáríà tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka Súrátu Talaaq mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibùgbé obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ wà níbẹ̀ gedegbe. Ibi tó bá ọkùnrin lára mu ni àwọn tó kọ òfin yẹn tètè kà.

Ó wá ku arákùnrin wa. Túláàsì tó sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Òfin Ìsìláàmù mọ̀ ọ́n: ẹni tí ebi fẹ́ pa kú lè jẹ òkú ẹran, ní ìwọ̀n tí yóò fi yè. Bí ewu bá ti kọjá, àyè náà ti kọjá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin ajagun. Ṣùgbọ́n òkú ẹran kò ní olówó. Bí ebi bá mú mi wọ oko ẹlòmíràn tí mo jẹ iṣu rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ òfin sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n owó iṣu wà lọ́rùn mi, nítorí túláàsì tèmi kò pa ẹ̀tọ́ oníṣu rẹ́. Ta ni ebi ń pa ní 1956? Àwọn ọ̀gá ogun ni. Iṣu ta ni wọ́n jẹ? A kì í jẹ iṣu tán kí á ní kí oníṣu padà sí àyè rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà nìyẹn, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún èmi náà. Ilé ni mo dé tí ìbéèrè Alhaja padà sí mi lọ́kàn, tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ní ihò.

Bí ẹ̀tọ́ bá jẹ́ owó iṣu, oníṣu nìkan ni yóò gbà á. Bouhired yóò gba tirẹ̀. Ẹni tó dáná yóò gba díẹ̀, bí ó bá rí ẹlẹ́rìí. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní 1963 ńkọ́? Kò gbé lẹ́tà, kò gbé ìbọn. Ìjọba sì lè sọ pé àwọn ti san gbèsè: ẹ wo owó àwọn ajagun àtijọ́, ẹ wo òpópónà tí a fi orúkọ Hassiba Ben Bouali pè ní Algiers. Ẹ tún wo ìyàwó harki. Harki ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Àlgéríà tó bá Faransé jagun, àwọn kan nítorí owó, àwọn kan nítorí ẹ̀rù, àwọn kan nítorí pé FLN pa ènìyàn wọn. Ní 1962 Faransé fi púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ fún ikú; àwọn tó ríbi sá dé Faransé, àgọ́ bíi ti Rivesaltes ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí. Ọdún 2021 ni Ààrẹ Macron tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò yan ẹ̀gbẹ́ kankan, ọkọ ló yàn fún un. Bí ẹ̀tọ́ bá jẹ́ èrè ogun, òun kò ní nǹkankan láéláé. Mo gbìyànjú láti gbà bẹ́ẹ̀, ọkàn mi kọ̀ ọ́.

Kódà, ẹni tó jagun pàápàá kò fi ogun rí i gbà. Àwọn Amazigh ti Kabylie, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Berber, jà kíkankíkan. Krim Belkacem, Abane Ramdane àti Aït Ahmed, ọmọ wọn ni. Òmìnira dé, èdè Lárúbáwá nìkan ni ìjọba mọ̀. Ní 1980, wọn kò jẹ́ kí ọ̀mọ̀wé Mouloud Mammeri sọ̀rọ̀ lórí ewì àtijọ́ èdè Kabyle ní Tizi Ouzou, ìlú sì dàrú. Ọdún 2002 ni èdè wọn tó di èdè orílẹ̀-èdè, ó di èdè ìjọba ní 2016. Àwọn ọmọ tí kò jagun rí ló jáde, ohun tí wọ́n sì wí ni pé èdè ìyá àwọn ni.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé òmìnira kò ṣe obìnrin lóore. Ní 1976, ìjọba Àlgéríà sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́ àti dandan fún ọmọ ọdún 6 sí 16, lọ́kùnrin lóbìnrin. Lónìí, obìnrin ju ọkùnrin lọ ní yunifásítì ibẹ̀. Ẹ kíyè sí i: lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, kò sí ẹni tó bi ọmọ ọdún mẹ́fà pé kí ni ìyá rẹ̀ ṣe nígbà ogun. Wọ́n gbà á wọlé nítorí pé ọmọ ni. Ọmọ harki tó kù nílé wọlé, ọmọ ẹni tó dáná wọlé. Ìdáhùn tí mo ń wá fún arákùnrin wa, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ohun tí obìnrin ń béèrè, kì í ṣe owó ọ̀yà ni. Ó ti jẹ́ tirẹ̀ kí ìbọn àkọ́kọ́ tó dún ní 1954. Ogun kàn jẹ́ kí ó hàn ni pé ó lè gbé ohun tí wọ́n ní kò lè gbé.

Ní 2005 wọ́n tún òfin ẹbí náà ṣe. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìgbọràn kúrò, wọ́n ní kí ọkọ tó kọ aya sílẹ̀ pèsè ibùgbé fún ìyá tó ń tọ́ ọmọ. Alámòójútó ìgbéyàwó ṣì wà, ṣùgbọ́n obìnrin fúnra rẹ̀ ló ń yàn án. Ní oṣù kẹta 2019, nígbà tí ogunlọ́gọ̀ tú síta ní Algiers láti sọ fún Ààrẹ Bouteflika pé sáà karùn-ún kò ṣeé ṣe, Djamila Bouhired jáde láàárín wọn, òun tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọbìnrin tó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lójú pópó ọ̀hún pẹ̀lú rẹ̀, wọn kò gbé ìbọn rí.