Ẹ̀san Ta Ni?

Lóṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹlòmíràn fi aya sílẹ̀. A pariwo ìkà. Lóṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shagari fún àlejò tiwa, ará Gánà ló pọ̀ jù, ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Àwọn kan l'Adó níbí ní ẹ̀san ni. Ẹ̀san kẹ̀! Onílé lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀, n ò jiyàn. Àmọ́ bí bíríkìlà ará Gánà bá fẹ́ ọmọ Èkìtì, tí wọ́n bí mẹ́ta, ta ni káwọn ọmọ náà tẹ̀ lé? Ibodè Gánà pàápàá ṣì wà ní títì nígbà tí wọ́n pàṣẹ náà. Ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbà?