Níbi tí Odi Rẹlẹ̀
(Nehemáyà 4:9 àti 13)

Nígbà tí àwọn ọ̀tá ń halẹ̀ mọ́ Jerúsálẹ́mù, Nehemáyà gbàdúrà, ó sì yan olùṣọ́ pẹ̀lú. Kò ka ìṣọ́ sí àìgbàgbọ́. Nítorí náà àwa kò ní bá ẹnikẹ́ni wí tí ó bá bèèrè ọlọ́pàá sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2016, àwọn oníbọn wọ Babington Macaulay Junior Seminary, ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ wa ní Ìkòròdú, wọ́n sì gbé ọmọbìnrin mẹ́ta lọ. Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ni wọ́n tó rí ìdáǹdè. Òbí tí ó la irú ọjọ́ wọ̀nyí kọjá kò fẹ́ ìwàásù kankan lórí ìṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ẹsẹ 13, èyí tí a sábà máa ń fò. Níbo ni ó fi àwọn olùṣọ́ sí? Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà àwọn ìjòyè. Níbi tí odi rẹlẹ̀, tí ó sì ṣí sílẹ̀ ni.

Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 gbà kí ẹni tí ó bá fẹ́ ọlọ́pàá fún ara rẹ̀ bèèrè, kí ó sì máa san owó oṣù àti owó aṣọ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ olówó lè ṣe é. Ta ni yóò san ti ilé-ẹ̀kọ́ oko, tí kò ní odi rárá? Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà pàápàá kò sì tó: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, inú ọkọ̀ tí ń gbé wọn lọ sílé ni a ti jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré-Èkìtì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ pàṣẹ kí a yọ ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ẹni ńlá. A yọ̀ sí i. Ǹjẹ́ a fẹ́ tún kó wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ ẹni ńlá bí?

Àwa tí a ń kọ èyí wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan. A kọ ìwé sí ọ̀gá ọlọ́pàá, gbogbo wa fi ọwọ́ sí i, kò sì sí ẹni tí ó rántí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ń bẹ ní òdìkejì odò, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ wa ń kàwé. Àwọn òbí kan yóò wí pé owó àwọn ni. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀ ìwé náà kò tí ì kúrò lọ́wọ́ wa. A ó tún un kọ, a ó bèèrè ìṣọ́ fún ojú ọ̀nà náà, títí dé òdìkejì odò.