Bí Eku Aláìsàn Bá Gé Wa Jẹ, Ẹ̀ṣẹ̀ Ta Ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí ọ̀kan nínú wa ní Ìlúpéjú bá ń sin eku funfun, tí dókítà ẹranko fún un ní prednisolone nítorí èémí tó ń há a, eku náà lè máa jẹ àjẹjù, kí ó máa mu omi, kí ó máa tọ̀ káàkiri, kí ó tilẹ̀ gé ọwọ́ tó ń bọ́ ọ jẹ. Ìwà burúkú kọ́ o, oògùn ni. Àwa la sì yàn án fún un, kò lẹ́nu tí yóò fi kọ̀. A ti gbọ́ nínú hádíìsì nípa obìnrin tó ti ológbò mọ́lé láìfún un lóúnjẹ.

Ibi tó le nìyí: bí oògùn bá dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, tí ayé sì di ìnira fún un, òun là ń tọ́jú ni, àbí ìfẹ́ ọkàn wa? Kí á bi dókítà bóyá kí á dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ìbínú dá a dúró lójijì, nítorí ara tó ti gbára lé e lè dojú rú.