Tábìlì Ọjọ́ Iléyá: Ta Ni À Ń Ṣe É Lọ́ṣọ̀ọ́ Fún?

 

Ẹ̀yin ọmọ wa ọkùnrin àti obìnrin, ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn àáfà ẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n ó ti dá gbólóhùn asọ̀ sílẹ̀ nínú ilé tó ju ẹyọ kan lọ ní Ìlọ́fà níbí. Ọ̀rọ̀ náà ni ti tábìlì tí a ń gbé oúnjẹ ọdún lé. Àwọn ọmọbìnrin wa ń rí tábìlì àwọn ará Èkó àti ti ìlú òyìnbó lórí fóònù: aṣọ funfun gbòò, òdòdó, àbẹ́là, ife tó ń dán bíi dígí. Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ní kí bàbá mú owó wá. Bàbá á ní owó àgbò gan-an kò tíì pé. Ìyá á bọ́ sí àárín. Ọ̀kan á ní ìnákúnàá ni, èkejì á ní ṣebí Ọlọ́hun fẹ́ràn ohun tó dára.

Èmi náà, ẹ̀yìn bàbá ni mo máa ń wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí mi sì wà nílẹ̀. Anas ọmọ Málíkì, tí ó sin Ànábì fún ọdún 10, sọ ọ́ nínú hádíìsì tí Bùháárì gbà wá pé Ànábì kì í jẹun lórí tábìlì gíga. Orí ìtẹ́ awọ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Nínú hádíìsì Múslímù ẹ̀wẹ̀, ìyá wa Àíṣà fi aṣọ ta sí ẹnu ọ̀nà. Ànábì fà á ya, ó sì jẹ́ kó yé e pé Ọlọ́hun kò pa á láṣẹ fún wa láti máa daṣọ bo òkúta àti amọ̀. Bí mo bá ti ka méjèèjì fún àwọn ọmọ iléékéwú mi, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ọmọ kan ni kò jẹ́ kó parí. Ó ní, “Àáfà, ẹ dákun, kí ló wá dé tí súrà odindi fi ń jẹ́ Tábìlì?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní Súrátùl-Má'ídà, mi ò fi ojú yẹn wò ó rí. Ẹ rántí ìtàn ibẹ̀: àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì Ìsá bèèrè tábìlì oúnjẹ láti sánmọ̀, Ìsá sì bẹ Ọlọ́hun pé kí ó jẹ́ ọdún fún ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn wọn. Ọ̀rọ̀ tó lò fún ọdún níbẹ̀ ni ‘íd, èyí tí àwa ń pè ní yídì. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá tún sọ nǹkan kan tó wù mí: wọ́n ní bí oúnjẹ bá wà lórí tábìlì ni ó tó jẹ́ má'ídà. Bí oúnjẹ kò bá sí lórí rẹ̀, igi lásán ni, ó ní orúkọ mìíràn.

Ẹ tún wo Súrátùl-A‘ráfù, àyà 31 àti 32. Àyà kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun ti ní kí a ṣe ọ̀ṣọ́, kí a jẹ, kí a mu, kí a má sì kọjá àlà. Lójú ẹsẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e ń bèèrè ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́ Ọlọ́hun léèwọ̀. Nítorí náà a ò lè ní ọ̀ṣọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àlà ni ìṣòro. Ṣé owó ni àlà náà ni? Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, oṣù tí Iléyá bọ́ sí, owó oúnjẹ fi ohun tó ju ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹni tó bá fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ gba aṣọ tábìlì láwìn ti ṣi ọ̀nà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. N kò rò pé èyí ń fẹ́ àríyànjiyàn.

Èyí tó le ni ti ẹni tí kò jẹ gbèsè. Ní ọdún kan, ọmọ mi obìnrin fi owó tó tọ́jú fúnra rẹ̀ ra aṣọ tábìlì funfun wálé. Kò tọrọ kọ́bọ̀. Ó lọ̀ ọ́, ó tẹ́ ẹ, ó já òdòdó sínú ife, inú mi sì dùn. A dé láti yídì, a pa ẹran, oúnjẹ délẹ̀. Obìnrin opó kan ní àdúgbò wa, tí ń ta igi ìdáná, wá kí wa bó ti máa ń ṣe. Ọdọọdún ló ń jókòó jẹ iyán nílé wa. Lọ́jọ́ náà ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo aṣọ náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní òun ti yó. A di ẹran sínú ọ̀rá fún un, ó dúpẹ́, ó lọ.

Lálẹ́, ìyàwó mi ní, “Aṣọ yẹn ló lé e.” Mo ní kò sẹ́ni tó lé e. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí bọ̀rọ̀. Ọlọ́hun ní Súrátùl-Hájì ní kí a fún ẹni tí kì í tọrọ àti ẹni tó ń tọrọ nínú ẹran náà. Ẹni tó ń tọrọ á sọ̀rọ̀. Ẹni tí kì í tọrọ, ojú ló fi ń ka ilé onílé kó tó wọlé. Ìpín ẹran dé ọwọ́ obìnrin yìí, ìjókòó ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sọ pé kí a fi tábìlì sílẹ̀ ní ìhòòhò nígbà náà. A ti ṣe ìyẹn náà rí. Ní Ìlọ́fà, ẹbí kan náà ló ní mọ́ṣáláṣí tó tún ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àna wa onígbàgbọ́ sì máa ń wá jẹ Iléyá. Bí àlejò bá bá tábìlì tó kún fún àbààwọ́n àná, yóò rò pé ẹ kò retí òun. Ànábì Ìbúráhíìmù kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí àlejò rẹ̀. Ó yọ́ lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀, ó gbé ọmọ màlúù sísun wá, ó sì sún un mọ́ wọn fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ìdí tó fi yọ́ lọ ni pé kí àlejò má baà mọ ìnáwó náà lára. Lójú tèmi, ọ̀ṣọ́ gidi ni ìyẹn.

Ìgbà tí mo padà sí hádíìsì aṣọ Àíṣà ni mo rí ìparí rẹ̀ tí mo máa ń fò. Ìyá wa gé aṣọ náà, ó fi ṣe ìrọ̀rí méjì, Ànábì kò sì bá a wí. Aṣọ kan náà ni. Nígbà tó wà lára ilé, ó yà. Nígbà tó di ohun tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì, ó dúró.

Ní Iléyá tó tẹ̀lé e, a tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá mi tó ti wà nínú àpótí tipẹ́. Aró rẹ̀ dúdú, ọbẹ̀ kì í hàn lára rẹ̀. A gbé omi sínú ìkòkò amọ̀ tí a rà ní Dada, ní Òkèlele ní Ìlọrin, èyí tí í mú omi tutù láìsí iná mànàmáná. Àwọn ọmọ fi eérú fọ àwo títí ó fi ń dán. Òdòdó ẹ̀yìnkùlé ni a já. Ọṣẹ nìkan la fowó rà. Ọmọ mi ọkùnrin ní tábìlì àwọn arúgbó ni, kò sì parọ́. Ọmọ mi obìnrin kò sọ nǹkan kan. Ó ti sunkún lọ́jọ́ tí a ká aṣọ funfun rẹ̀, títí di òní ni mo sì ń bi ara mi bóyá ó tọ́ kí n gba ayọ̀ ọmọ nítorí ìtìjú ẹlòmíràn.

Obìnrin náà wá. Ó jókòó, ó jẹun, ọmọ rẹ̀ da ọbẹ̀ sórí àdìrẹ, ẹnì kankan kò wo ibẹ̀. Nígbà tó ń fọwọ́, ó yíjú sí ọmọ mi, ó ní aṣọ funfun ọjọ́sí ńkọ́, pé òun tún ti ń retí láti rí i, nítorí ó wu òun gidigidi. Ọmọ mi wò mí. Mo mú eegun kan nínú àwo, mo ń jẹ ẹ́ lọ.