Oògùn Ẹ̀fọn àti Omi Ojúbọ
Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn ẹ̀fọn sórí Dallas County lóru, nítorí àrùn West Nile ń pa ènìyàn. A kò lè bú wọn. Ṣùgbọ́n irú oògùn yìí a máa pa kòkòrò oyin, a sì máa pa ẹja bó bá ṣàn wọ odò. Ti Ọ̀ṣun ni méjèèjì. Ní Mesquite níbí, bí ọkọ̀ afọ́noògùn bá kọjá, a kì í já ewé ọgbà wa fún ìyàwó òrìṣà.

Ṣé ìjọba nìkan ló jẹ̀bi? Ìkòkò omi ojúbọ tí a gbàgbé sẹ́yìnkùlé ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹyin rẹ̀ a máa gbà tó ọjọ́ méje kó tó fò. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọ̀sẹ̀ òrìṣà. Ìmẹ́lẹ́ ni kò jẹ́ ká pààrọ̀ omi.